Òkúta Tó Ká Bí Ejò Nínú Ẹrù Bàbá Àgbà: Kí Ni, Báwo Ni A Sì Ṣe Lè Dá A Mọ̀?

Ìbéèrè: Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, bàbá tó bí bàbá mi fi òkúta kan sílẹ̀ tí ó ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ nínú ilé wa. Ó rí roboto, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà, àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ ti eérú tó ṣú, ó sì ká mọ́ra rẹ̀ bí ejò, títí kan orí kékeré tó ní ojú méjì àti ẹnu ní ìparí rẹ̀. Ìwé pélébé kan lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́tà mẹ́rin, W, H, I, T, àti nọ́ńbà 41 nìkan ló ṣì ṣeé kà níbẹ̀. Bàbá àgbà máa ń sọ pé ejò tó di òkúta ni. Ẹ̀gbọ́n mi ní ìgbín ni. Ọmọ àbúrò bàbá mi ní ayédèrú ni, kí a fi ọtí kíkan fọ̀ ọ́ kí a wò ó bóyá yóò hó. Ta ló tọ̀nà? Ǹjẹ́ wọ́n lè fi ẹ̀rọ mọ ọjọ́ orí rẹ̀? Ṣé ó sì níye lórí? Mo fi àwòrán mẹ́rin ránṣẹ́.

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ohun àjogúnbá yìí. Kí n tó sọ ohun tí mo rò pé ó jẹ́, mo ní ẹ̀bẹ̀ kan: ẹ má ṣe jẹ́ kí ọtí kíkan kàn án rárá. Ásíìdì ni ọtí kíkan, ó máa ń jẹ òkúta ẹfun àti ohunkóhun mìíràn tí ó ní irú àlùmọ́ọ́nì bẹ́ẹ̀ nínú, ojú òkúta náà lókè, níbi tí ọtí yóò ti kọ́kọ́ jẹ ẹ́, sì ni gbogbo àmì tí a fi ń dá a mọ̀ wà. Yàtọ̀ sí ìyẹn, bí ó bá tilẹ̀ hó, híhó náà kò fi òótọ́ tàbí ayédèrú hàn. Ayédèrú tí wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú òkúta ẹfun mọ yóò hó dáadáa, nígbà tí ojúlówó fọ́sìlì, ìyẹn àṣẹ́kù ohun alààyè àtijọ́ tó ti di òkúta, lè má hó rárá bí páírátì (àlùmọ́ọ́nì irin àti imí ọjọ́) tàbí sílíkà (àlùmọ́ọ́nì tó wà nínú iyanrìn) bá ti rọ́pò ìkarahun rẹ̀.

Ní ti ẹni tó tọ̀nà, kò sí ẹni tó tọ̀nà tán nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n yín ló sún mọ́ ọn jù. Ohun tí mo rí nínú àwòrán yín ni ámónáítì, ìyẹn ìkarahun ẹran omi kan tí irú rẹ̀ ti parẹ́ kúrò láyé ní nǹkan bí mílíọ̀nù ọdún 66 sẹ́yìn, ní àkókò kan náà tí àwọn dáínósọ̀ ńláńlá parẹ́. Ẹbí octopus àti squid, àwọn ẹran òkun ọlọ́wọ́ púpọ̀ tí kò ní egungun, ni ẹran yìí. Ó ru ìkarahun gẹ́gẹ́ bíi ti ìgbín, ṣùgbọ́n ó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú òkun, kì í fà nílẹ̀. Nígbà tí ó bá kú, ìkarahun rẹ̀ yóò rì sínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun, ẹran ara rẹ̀ yóò jẹrà, ẹrẹ̀ àti àlùmọ́ọ́nì yóò kún àyè tó ṣófo, lẹ́yìn ọdún tí kò lóǹkà gbogbo rẹ̀ yóò sì le koránkorán. Nígbà mìíràn, ìkarahun gan-an yóò ti yọ́ dànù, tó fi jẹ́ pé ohun tí a dì mú lónìí ni ẹrẹ̀ tó kún inú rẹ̀, tí ó ti di òkúta.

Ọ̀nà méjì ni a fi ń yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ìgbín. Bí ìkarahun ìgbín ti ń yípo ni ó ń ti ara rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí ṣóńṣó kan fi máa ń yọ jáde, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ámónáítì ń yípo lójú kan náà, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì fi bára mu nígbà tí a bá gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì, gẹ́gẹ́ bí tiyín ti rí nínú àwòrán kìíní àti ìkejì. Ọ̀nà kejì wà nínú lọ́hùn-ún. Ihò kan ṣoṣo ni inú ìkarahun ìgbín láti ẹnu dé ìdí, ṣùgbọ́n ògiri tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ló pín inú ámónáítì sí yàrá. Yàrá tó gbẹ̀yìn, tó sì tóbi jù, ni ẹran náà ń gbé. Afẹ́fẹ́ ló kún àwọn yòókù, páìpù kékeré kan sì gba inú wọn kọjá, èyí tí ẹran náà fi ń fa omi jáde kúrò nínú wọn kí ìkarahun rẹ̀ má baà fà á rì. Níbi tí ògiri kọ̀ọ̀kan ti pàdé ìkarahun òde, ó máa ń fi ìlà kọ́lọkọ̀lọ kan sílẹ̀ tí ó kún fún ẹ̀ka wẹ́wẹ́. Bí ẹ bá rí ìlà yìí níbi tí ìkarahun ti ṣí kúrò, àríyànjiyàn parí. Kò sí ìgbín tó ní i, bẹ́ẹ̀ ni ti nautilus, ìbátan ámónáítì tí ó ṣì wà láàyè nínú òkun, kò ní ẹ̀ka bẹ́ẹ̀. Ìtẹ̀kọrọ̀ díẹ̀ ni tirẹ̀ ní. Páìpù nautilus náà máa ń gba àárín ògiri kọjá, nígbà tí ti ámónáítì ń gba etí òde. Nínú àwòrán yín kẹta, ó dà bí ẹni pé ìlà kọ́lọkọ̀lọ náà hàn díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó fọ́, àmọ́ iná kámẹ́rà ti pa ojú rẹ̀ rẹ́.

Ti ejò kò gba àkókò púpọ̀. Ẹran ara ejò kò lè ká mọ́ra báyìí kí ó sì di òkúta ní odindi. Egungun ni ó sábà máa ń ṣẹ́kù, ejò sì ní ju ọgọ́rùn-ún egungun ẹ̀yìn lọ, tí a ó máa rí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú òkúta. Ní ọdún 1665, Robert Hooke, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Gẹ̀ẹ́sì, ti kọ̀wé pé ìkarahun ẹran omi ni àwọn òkúta tí àwọn ènìyàn ń pè ní ejò wọ̀nyí. Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ràn láti máa sọ fún àwọn tó bá ṣì ń ṣiyèméjì: àpáta tí irú ámónáítì yín ti ń jáde wá dàgbà ju ejò èyíkéyìí tí a tíì rí fọ́sìlì rẹ̀ lọ.

Báwo wá ni orí ejò ṣe dé ibẹ̀? Apá yìí gan-an ni ó jẹ́ kí òkúta yín yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀ èyí tí àwọn ènìyàn ń gbé wá bá mi. Etí òkun Yorkshire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ìlú kan wà tí ń jẹ́ Whitby, tí ámónáítì pọ̀ nínú àpáta rẹ̀. Hilda, obìnrin mímọ́ tí ó jẹ́ olórí ilé ìsìn àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ níbẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún ọdún keje, ni ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé ó fi àdúrà sọ gbogbo ejò àgbègbè náà di òkúta. Ìtàn náà dùn, ṣùgbọ́n ó ní ìṣòro kan: kò sí ọ̀kan tó ní orí nínú àwọn ejò òkúta tí omi òkun ń gbá jáde. Àwọn agbẹ́kùúta Whitby yanjú ìṣòro náà. Wọ́n ń gbẹ́ orí sí ẹnu ìkarahun, wọ́n sì ń tà á fún àwọn àlejò, pàápàá ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, kò sì sí ẹni tó máa fẹ́ ra ejò tí kò lórí nígbà tí èyí tó lórí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ohun èlò kò wọ́n wọn, nítorí pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàdínlógún títí di 1871 ni wọ́n fi ń wú àpáta etí òkun yẹn láti yọ álọ́ọ̀mù (irú iyọ̀ kan tí àwọn aláró ń lò) nínú rẹ̀, ámónáítì sì ń bá a jáde. Kódà, ejò òkúta mẹ́ta ló wà lára àmì ìdánimọ̀ ìlú Whitby.

Ẹ ó ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ mi ń lọ. Ó wuni kí a kàn fi lẹ́tà méjì kún W, H, I, T, kí a sì pe ibẹ̀ ní Whitby. Lẹ́tà mẹ́rin nìkan kò tó láti ṣe bẹ́ẹ̀. Ó lè jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀, ó sì lè jẹ́ ìlú mìíràn, nítorí pé orúkọ tó bẹ̀rẹ̀ báyẹn pọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n lẹ́tà náà kò dá dúró. Orí gbígbẹ́ wà lára òkúta náà, irú ámónáítì tí ó jẹ́ bá ti àgbègbè náà mu, bàbá àgbà yín sì ń sọ ìtàn ejò tó di òkúta. Ẹ má ṣe fi ìtàn yẹn ṣẹ̀sín. Kì í ṣe òótọ́ nípa ẹ̀dá tó wà nínú òkúta, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ẹ̀rí nípa ọ̀nà tí òkúta gbà dé ọwọ́ ìdílé yín, nítorí pé ìtàn tí àwọn tó ń tà á ń sọ fún ẹni tó rà á nìyẹn, tí ẹni náà yóò sì tún sọ fún ẹni tó bá fún.

Nítorí náà, iṣẹ́ tí mo gbé lé yín lọ́wọ́ báyìí kì í ṣe ti òkúta, ti ọ̀rọ̀ àti ìwé ni. Ẹ lọ bá ẹni tó dàgbà jù nínú ìdílé, ẹ béèrè ẹni tó fún bàbá àgbà ní òkúta náà, ibi tí ó ń gbé nígbà náà, iṣẹ́ tí ó ń ṣe, bóyá ó rìnrìn àjò tàbí ó bá arìnrìn-àjò ṣọ̀rẹ́. Ẹ kọ ìdáhùn náà sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, láìtún un ṣe, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó sọ ọ́ àti ọjọ́ tí ó sọ ọ́. Nọ́ńbà 41 náà ní ìtumọ̀: ẹni tí ó ní òkúta kan ṣoṣo kì í fún un ní nọ́ńbà. Ẹnìkan ti ní àkójọ rí, àkójọ sì sábà máa ń ní ìwé àkọsílẹ̀ tirẹ̀. Ẹ yẹ àpótí lẹ́tà àtijọ́, ìwé ìjẹ́wọ́-owó àti ẹ̀yìn àwòrán wò. Ìwé pélébé tó lẹ̀ mọ́ òkúta, ẹ má ṣe ṣí i kúrò, ẹ má sì fi omi kàn án. Kí ẹ ya àwòrán rẹ̀ ní ọ̀sán gangan àti lábẹ́ tọ́ọ̀ṣì ultraviolet, irú èyí tí wọ́n fi ń yẹ owó wò, nítorí pé yíǹkì tí ojú kò rí mọ́ máa ń hàn lábẹ́ rẹ̀ nígbà mìíràn. Òkúta tí a mọ ibi tí ó ti wá wúlò fún ìmọ̀ ju èyí tó lẹ́wà tí a kò mọ orírun rẹ̀ lọ, a kò sì lè rí orírun yẹn nínú òkúta fúnra rẹ̀ nígbà tí ẹnu tó mọ̀ ọ́n bá ti dákẹ́.

Kí a padà sí òkúta. Irú ámónáítì wo ni? Èrò mi ni pé Dactylioceras ni. Gbogbo ìyípo rẹ̀ ló hàn síta, ọ̀kan kò bo èkejì mọ́lẹ̀, tí ó fi dà bí okùn tí a ká sílẹ̀, àwọn ìlà tó yọ sókè lára rẹ̀ sì tín-ínrín, wọ́n sún mọ́ra, púpọ̀ nínú wọn sì là sí méjì bí wọ́n ṣe ń dé etí òde. Ìrísí yìí gan-an ni àwọn agbẹ́kùúta fẹ́ràn, nítorí pé òun ló jọ ejò jù. Orogún rẹ̀ ni Hildoceras, irú ámónáítì mìíràn tí wọ́n fi orúkọ Hilda sọ, tí òun náà wà nínú àpáta Whitby. Àwòrán etí òde ni yóò yanjú rẹ̀, èyí tí kò sí nínú mẹ́rin tí ẹ fi ránṣẹ́. Ẹ gbé òkúta náà dúró, kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ bí ìgbà tí ẹ ń wo ibi tí táyà ti ń kan ilẹ̀. Bí àwọn ìlà náà bá gba orí etí òde kọjá láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì láìdúró, Dactylioceras ni. Bí ẹ bá rí òkè tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gùn lọ láàárín etí náà, tí kòtò wà lápá ọ̀tún àti òsì rẹ̀, Hildoceras ni. Ibẹ̀ ni èmi yóò dúró sí. Orúkọ ẹ̀yà gan-an lábẹ́ Dactylioceras sinmi lórí bí ìlà ṣe nípọn tó àti ìpele àpáta tí ó ti jáde, ẹni tó bá sì fi àwòrán nìkan sọ ọ́ fún yín ń méfò ni.

Ti ayédèrú kò ṣeé fojú fò, ọmọ àbúrò bàbá yín kò sì ṣàṣìṣe láti béèrè. Ike dídà tí wọ́n dà sínú mọ́ọ̀dù (ohun tó fún un ní ìrísí) máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ́wọ́, ó sì fúyẹ́, nígbà tí òkúta máa ń tutù nígbà tí a bá kọ́kọ́ gbé e. Ẹ fi dígí tó ń mú nǹkan tóbi wo ojú rẹ̀: ihò róbótó wẹ́wẹ́ jẹ́ àmì ibi tí afẹ́fẹ́ há sí nínú ike, ìlà tààrà tó yí gbogbo etí ká sì jẹ́ àmì ibi tí apá méjì mọ́ọ̀dù náà ti pàdé. Àwọn kan máa ń sọ pé kí a fi abẹ́rẹ́ gbígbóná gún un. Ẹ má ṣe é, àpá rẹ̀ kì í kúrò. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ọrùn. Bí wọ́n bá gbẹ́ orí náà láti ara òkúta kan náà, àwọ̀ àti hóró òkúta yóò bá ara wọn lọ láti ìyípo tó gbẹ̀yìn dé orí, ẹ ó sì rí ojú irin ìgbẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n fi pílásítà mọ ọ́n tàbí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, ìlà ìsopọ̀ yóò wà níbẹ̀, gọ́ọ̀mù púpọ̀ sì máa ń tàn lábẹ́ tọ́ọ̀ṣì ultraviolet tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan. Èyíkéyìí tí ó bá jẹ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé orí náà kúrò kí ó lè di “ojúlówó”. Ámónáítì tí kò lórí pọ̀ bí nǹkan mìíràn. Iṣẹ́ ọwọ́ agbẹ́kùúta yẹn ni ó jẹ́ kí tiyín jẹ́ ohun ìtàn.

Ẹ béèrè nípa ẹ̀rọ tó ń sọ ọjọ́ orí. Èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbọ́ nípa rẹ̀ ni ti kábọ́ọ̀nù 14, irú kábọ́ọ̀nù kan tó máa ń wà lára ohun alààyè tó sì ń dín kù lẹ́yìn ikú rẹ̀, kò sì wúlò níbí. Ìdajì kábọ́ọ̀nù náà ń pòórá láàárín ọdún 5,730 kọ̀ọ̀kan, tó fi jẹ́ pé lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 50,000, ohun tó kù kò tó ohun tí a lè wọ̀n mọ́. Òdìkejì ni iṣẹ́ náà máa ń rí pẹ̀lú ámónáítì: àwọn ni a fi ń mọ ọjọ́ orí àpáta. Ẹ̀yà wọn ń yí padà kíákíá, wọ́n sì tàn kálẹ̀ nínú òkun púpọ̀, nítorí náà Albert Oppel, ará Jámánì, lo fọ́sìlì wọn láti pín àpáta sí ìpele wẹ́wẹ́ ní àwọn ọdún 1850. Eérú òkè ayọnáyèéfín tó wà láàárín irú àpáta bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wá fi ẹ̀rọ yẹ̀ wò láti rí iye ọdún. Dactylioceras jẹ́ ti nǹkan bí mílíọ̀nù ọdún 180 sẹ́yìn, ẹ kò sì ní láti gé ohunkóhun lára òkúta yín kí ẹ tó mọ̀.

Ìtọ́jú rẹ̀ rọrùn. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tó gbẹ ti tó. Kò nílò òróró, kò nílò fáníìṣì, kò sì nílò ọṣẹ. Ohun kan ṣoṣo ló ń bà mí lẹ́rù, páírátì. Bí òkúta náà bá wúwo ju bí ó ti yẹ lọ, tí ibì kan lára rẹ̀ sì ń dán bí idẹ, páírátì ló wà nínú rẹ̀, ọ̀rinrin sì máa ń sọ ọ́ di ásíìdì lílágbára tí yóò jẹ òkúta náà láti inú wá. Ẹ ó mọ̀ ọ́n nípa lẹ́búlẹ́bú funfun tàbí ràkọ̀ràkọ̀ tó ń jáde láti ibi tó sán àti òórùn imí ọjọ́. Ẹ gbé irú rẹ̀ sínú ike oní-ìdérí tí kò gba afẹ́fẹ́, pẹ̀lú àwọn àpò kéékèèké tí ń fa ọ̀rinrin, irú èyí tí ó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun. Ìwé àkọsílẹ̀ tí ẹ bá kọ nípa rẹ̀ kò gbọdọ̀ wà nínú ike kan náà, nítorí pé ásíìdì náà ń jẹ ìwé.

Lórí pé ó níye lórí tàbí kò níye lórí, n kò ní dá iye kan lé e, nítorí pé èmi kì í ṣe oníṣòwò wọn. Dactylioceras kò ṣọ̀wọ́n. Ohun tó lè gbé òkúta yín ga ni orí gbígbẹ́ àtijọ́ tí kò fọ́, ìwé pélébé tó ṣì wà lára rẹ̀, àti ẹ̀rí pé ọwọ́ ẹnìkan báyìí ni ó ti kọjá. Bí ẹ bá fẹ́ tà á tàbí gbé e sọdá ibodè, ẹ kọ́kọ́ béèrè òfin orílẹ̀-èdè tí ẹ wà. Àdéhùn UNESCO ti ọdún 1970 ka ohun tó jẹ mọ́ fọ́sìlì mọ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí òfin lè dáàbò bò, àwọn orílẹ̀-èdè kan, bíi Brazil, sì ti sọ fọ́sìlì inú ilẹ̀ wọn di ti ìjọba láti 1942.

Bí ẹ bá ti ya àwòrán etí òde, ẹ gbé gbogbo rẹ̀ lọ sí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ àti àpáta ní yunifásítì tó bá sún mọ́ yín, tàbí mùsíọ́mù tó ní àkójọ fọ́sìlì. Ẹ gbé rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta nínú àwòrán kọ̀ọ̀kan, kí ìmọ́lẹ̀ wá láti ẹ̀gbẹ́, kí ẹ má sì tan iná kámẹ́rà, nítorí pé òjìji ni ó ń fi ìlà hàn. Ẹ kọ fífẹ̀ rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà àti wíwúwo rẹ̀ ní gíráàmù. Bí wọ́n bá ní kí ẹ fi òkúta náà sílẹ̀ fún àyẹ̀wò, ẹ gba ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí, tí ó sọ ohun tí wọ́n gbà, ọjọ́ tí wọ́n gbà á àti ọjọ́ tí wọ́n yóò dá a padà. Kí ẹ sì béèrè ní pàtó bóyá ẹnìkan níbẹ̀ mọ̀ nípa àkójọ àtijọ́ ti Whitby, nítorí pé ó ṣeé ṣe kí ẹni bẹ́ẹ̀ dá ọwọ́ ìkọ̀wé tó wà lára ìwé pélébé náà mọ̀ kí ó tilẹ̀ tó wo òkúta.